Lẹ́tà Tí Mo Fi Ọwọ́ Òsì Kọ

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tètè káàánú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe tán ná.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé sí ojú ewé ìwé ìròyìn yìí ló máa ń yí orúkọ wọn padà. Èmi ò yí tèmi padà. Seshamamba ni mí, Seshu làwọn ará ilé ń pè mí, mo sì ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Nígbà kan rí, mo kọrin fún fíìmù ní Madras.

Ọdún 1949 ni. Ilé iṣẹ́ kan ń ya ìtàn ẹbí kan ní èdè méjì pọ̀, Telugu àti Tamil. Ìtàn tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni, tí ìyàwó àbúrò fi òfófó dá ìjà sílẹ̀ títí wọ́n fi mọ ògiri sí àárín àgbàlá. Bí wọ́n bá ya ìran kan tán lédè Telugu, wọn ò ní tú ilé pákó tí wọ́n kàn fún ìran náà ká. Àwọn òṣèré á mu kọfí díẹ̀, wọ́n á padà wá sun ẹkún kan náà lédè Tamil. Bí orin náà ṣe rí nìyẹn: ohùn orin kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ oríṣi méjì.

Èmi ni wọ́n gbà pé kí n kọrin fún ìyàwó rere inú ìtàn náà, lédè méjèèjì. Ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín. Èmi, ìyàwó rere!

Ọmọ Telugu ni mí, ṣùgbọ́n Madras ni wọ́n bí mi sí, àárín Tamil ni mo gbé dàgbà. Ọ̀gá Duraisami tó ń ṣètò orin fíìmù náà máa ń gbé dùùrù kékeré rẹ̀ wá sílé wa ní Mylapore láti fi orin kọ́ mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo kọ ìlà kan lédè Telugu, ó fọwọ́ di etí.

"Seshu, ṣé Telugu gan-an ni bàbá rẹ, àbí wọ́n kàn sọ fún ọ bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ọ̀gá, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Kí ló tún kù síbẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ ló kù síbẹ̀. Tún un kọ."

Kí n tó la ẹnu, ẹnìkan ti kọ ìlà náà láti inú ilé ìdáná. Kò pariwo. Ó ń lọ ẹ̀wà lórí ọlọ, ọlọ náà ò sì dúró. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ọ̀gá Duraisami dúró lórí dùùrù.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Opó ni."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ọkọ rẹ̀ wà láyé. Mo ní ta nìyẹn?"

Mangatayaru ni. Vadina ni mo ń pè é, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ tó jẹ́ obìnrin. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni nígbà náà, ó sì ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Lalita, ọmọ ọdún mẹ́rin. Bàbá ọkọ rẹ̀, Ramabrahmam Garu (Garu ni ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ wa fún àgbà), ló yọ̀ǹda rẹ̀ láti ìlú Rajahmundry pé kó wá tọ́jú ìyá ọkọ mi, tó jẹ́ ìyá tirẹ̀ náà, nígbà tí àìsàn mú un. Ìyá kú, kò sì tíì padà. Lọ́dọ̀ wa, opó kì í fi òdòdó sírun, kì í sàmì pupa síwájú orí, kì í wọ ẹ̀gbà. Kí opó máa kọrin ìfẹ́ fún àwọn òǹwòran kò tilẹ̀ ṣeé fẹnu sọ. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ṣe é, kò sí ilé tó máa wá fẹ́ ẹ.

Ọ̀gá Duraisami bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Èmi ni mo wá lọ bá a ní ilé ìdáná. Kì í ṣe pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ o. Orin Telugu yẹn ló ti sú mi.

"Vadina, ta ló máa mọ̀? Inú kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí wọ́n ta aṣọ bò la máa jókòó sí. Ẹ̀yìn aṣọ lẹ máa dúró sí tí ẹ bá ń kọ ọ́. Wọ́n á fún yín lórúkọ mìíràn."

"Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni mi ò ti kọrin níbi tí èèyàn wà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Ó ń fi omi fọ ọwọ́ rẹ̀, kò wojú mi. "Seshu, bí bàbá ọkọ mi bá gbọ́, ó máa gba Lalita lọ́wọ́ mi ni."

"Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un."

"Ìwọ náà ò ní sọ?"

"Èmi kẹ̀! Ṣé orí mi dà rú ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin òǹkàwé, ó pẹ́ tí mo ti rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi, Subbarao, ní òun ò rí nǹkan kan, òun ò sì gbọ́ nǹkan kan, ó gbé agboòrùn rẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀, tàárọ̀ ni Telugu, tọ̀sán ni Tamil. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wa, àwọn kannakánná orí igi máǹgòrò sì máa ń ba orin jẹ́, débi pé wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa fi ọ̀pá lé wọn. Vadina dúró sẹ́yìn aṣọ funfun, ó kọjú sí ògiri. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó parí. Ọkùnrin tó ń ta gòjé gbé gòjé rẹ̀ sílẹ̀, ó fi etí aṣọ nu ojú.

Ó kàn mí lọ́sàn-án. Orin kan náà, àwọn onílù kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo kọ ọ́. Mo di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn kannakánná.

Ọ̀gá Duraisami rí ojú mi. Onínúure ni, Ọlọ́run ló mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ṣe àfikún ohùn kan sí àárín orin Tamil, sa-ri-ga lásán, bíi do-re-mi, tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ó ní kí wọ́n tún tèmi gbà.

"Kò sí eléyìí nínú ti Telugu," ó wí fún mi. "Ìwọ nìkan lo ni ín."

Mo fi pẹ́ńsùlù kọ ohùn náà sílẹ̀ sórí ìwé, mo sì kọ́ ọ nínú ilé títí Vadina pàápàá fi mọ̀ ọ́n. A máa ń kọ ọ́ pọ̀ bí a bá ń sá aṣọ.

Fíìmù náà jáde, ayé sì gbà á. Kumari Hema ni orúkọ tí wọ́n kọ sára àwo orin Vadina. Orúkọ mi ni wọ́n kọ sára tèmi, lẹ́tà gàdàgbà. Mo wọ sárì aláwọ̀ ewé mi, mo lọ sí ilé kọfí tó wà ní ìkángun òpópónà wa, mo fẹ́ kí n gbọ́ ara mi lójútáyé. Ti Hema ni wọ́n ń lù. Àwọn Tamil tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Telugu kan ń mi orí síbẹ̀.

"Ṣé ẹ ò ní ti Tamil ni?" mo bi onílé kọfí.

"Ó wà níbẹ̀ yẹn." Ó fi ìgbọ̀nwọ́ júwe rẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ ń fọ ife. "Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀."

Mi ò mu kọfí náà tán.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti wọ inú mi. Bí ọkọ mi bá ń fá irùngbọ̀n, orin Hema ló ń kùn lẹ́nu. Bí Vadina bá ń gbé Lalita sùn, àwọn obìnrin ẹ̀gbẹ́ ilé á dákẹ́ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Mo ń fi ìbínú ti ilẹ̀kùn gbàgà, mo sì ń sọ pé afẹ́fẹ́ ni.

Ọ̀gá Duraisami tún wá. Fíìmù mìíràn ń bọ̀, èdè méjì náà ni. Ó jókòó, ó ń yí ife kọfí rẹ̀ káàkiri.

"Ẹni tó ni fíìmù ní Hema ni òun fẹ́. Fún méjèèjì."

"Vadina ò gbọ́ Tamil," mo wí.

"A ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un ní lẹ́tà Telugu. Ìwọ ni wàá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ìwọ ṣáà jẹ́ ará ilé."

Ará ilé. Kí n máa fi ọwọ́ ara mi kọ́ ẹni tó ń gba iṣẹ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò sí wàhálà, mo tún bu kọfí sí ife rẹ̀.

Nígbà tó lọ tán, Vadina wá bá mi. Ojú rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ó rọra ń sọ̀rọ̀.

"Seshu, ṣé kò ní dùn ọ́?"

"Kí ló fẹ́ dùn mí?"

"Bó bá máa dùn ọ́, sọ fún mi. Mi ò ní ṣe é."

"Vadina, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí gbogbo ilé ń sinmi oúnjẹ, mo mú ìwé kan láàárín àwọn ìwé mi. Mo fi ọwọ́ òsì kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá ọwọ́ mi mọ̀. Lẹ́tà náà ò gùn.

"Sí Ramabrahmam Garu. Ìyàwó ọmọ yín ń kọrin ìfẹ́ fún àwọn ọkùnrin nílé iṣẹ́ fíìmù. Hema tí gbogbo ayé ń gbọ́, òun gan-an ni. Ẹni tó ń rò yín ní rere ló kọ ọ́."

Mo sáré lọ jù ú sínú àpótí lẹ́tà tó wà lẹ́bàá adágún tẹ́ḿpìlì. Mo ń sọ fún ara mi pé kò ní ju pé bàbá àgbà á kọ lẹ́tà, á bá a wí, Vadina á jáwọ́, ilé á sì tòrò. Irọ́ ni. Mo mọ irú ẹni tí bàbá yẹn jẹ́, Vadina sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni. Àárọ̀ Jímọ́ọ̀ ni mo rí bàbá náà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àpò kékeré lọ́wọ́, eruku ọkọ̀ ojú irin wà lára aṣọ rẹ̀. Subbarao dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo gbé omi wá.

"Mi ò ní mu omi nínú ilé yìí," ó wí.

Mo gbé omi náà sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri.

Ó pe Vadina. Kò pariwo rárá, ìbá sàn ká ní ó pariwo. Kò fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́. Ó jù ú sílẹ̀ síwájú rẹ̀. "Kà á."

Vadina bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó kà á. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀ ló gbẹ.

"Òótọ́ ni àbí irọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá."

"Ìkà wo ló kọ irú nǹkan báyìí?" Subbarao ń wí, ó ń rìn síwájú sẹ́yìn. "Ta ló kọ ọ́? Ta la ṣẹ̀?"

Nígbà náà ni Vadina yí ìwé náà padà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò wẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́. Ìkánjú ni, ẹ̀rù ni, mi ò mọ̀. Pẹ́ńsùlù wà lẹ́yìn rẹ̀, ìlà mẹ́ta. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń kà á bí akọrin ṣe ń kà á, ó ń kùn ún sábẹ́ èémí. Sa, ri, ga. Ohùn tí kò sí nínú ti Telugu. Ohùn tí a máa ń kọ pọ̀ bí a bá ń sá aṣọ.

Ó gbé ojú sókè, ó wò mí.

Kò bínú. Ìbá ṣe pé ó bínú! Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wá nǹkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ fún mi kí n wo ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn," ni Subbarao wí.

Vadina ká lẹ́tà náà, ó fi há ìbàdí sárì rẹ̀. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àbúrò mi."

Bàbá àgbà sọ ohun tó bá wá. "Ọmọ ń bá mi lọ lónìí. Bí o bá ṣì fẹ́ máa rí i, wàá tẹ̀ lé wa. Wàá gbé ọwọ́ lé e lórí, wàá búra pé orin ò ní jáde lẹ́nu rẹ mọ́ títí tí wàá fi kú."

"Bàbá, orin fíìmù ni mo kọ. Mi ò ní kọ ọ́ mọ́."

"Mi ò sọ orin fíìmù. Orin ni mo sọ. Ti tẹ́ḿpìlì pàápàá wà níbẹ̀."

Ó pe Lalita. Ọmọ náà sáré wá, ìrẹsì ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Vadina gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì búra. Ọ̀rọ̀ mi wà lórí ahọ́n mi. Mo lè wólẹ̀, mo lè sọ pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó lọ, pé èmi náà ni mo kọ lẹ́tà. Bàbá yẹn ì bá bínú sí mi, bóyá ọkàn rẹ̀ ì bá rọ̀ díẹ̀ sí Vadina. Mi ò sọ ọ́.

"Amma," ni Lalita bi ìyá rẹ̀, "èyí tí ẹ fi máa ń gbé mi sùn ńkọ́?"

Vadina nu ìrẹsì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì wọlé lọ.

Mo tẹ̀ lé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ó ń di ẹrù.

"Vadina..."

"Bá mi wo aṣọ Lalita tó wà lórí okùn bóyá ó ti gbẹ."

"Vadina, ẹ na mí. Ẹ bú mi."

Ó dúró. "Mo bi ọ́, Seshu. Mo ní ṣé kò ní dùn ọ́. Ká ní o sọ pé ó dùn ọ́ ni, ǹ bá ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá sì máa gbọ́ orin tìrẹ láti inú ilé ìdáná, ìyẹn ì bá sì tó mi." Ó padà sídìí ẹrù tó ń dì. "Lọ wo aṣọ yẹn."

Mo lọ wò ó. Ó ti gbẹ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti lọ.

Mo rí orin Telugu àti Tamil fíìmù tuntun yẹn gbà, méjèèjì. Ọ̀gá Duraisami gbọ́ mi tán, ó tẹ orí dùùrù rẹ̀ dé, kò sọ pé ó dára, kò sì sọ pé kò dára. Wọn ò pè mí mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó tọ́ sí mi.

Vadina ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo àjọ̀dún Sankranti, ó máa ń fi káàdì ránṣẹ́: ara le, Lalita ti wọ kíláàsì báyìí, ẹ bá mi kí Seshu. Ọkọ mi kú láìmọ̀. Nígbà ìgbéyàwó Lalita, a lọ sí Rajahmundry. Àwọn obìnrin ń gún ata ilẹ̀ pupa, wọ́n ń kọrin sí i. Vadina jókòó ní igun ẹ̀yìn níbi tí wọ́n fi àwọn opó sí, ètè rẹ̀ pa dé. Ẹnìkan láti ìdílé ọkọ ní, "Ṣé ìyá ìyàwó ò ní kọ ẹyọ kan fún wa ni?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ìyàwó ilé kan dáhùn. "Kò mọ orin rárá."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi ni mo dìde kúrò níbẹ̀.

Vadina kú lọ́dún tó kọjá. Lóṣù tó lọ, Lalita wá kí mi. Òun náà ti ń di àgbà díẹ̀díẹ̀, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó jókòó tì mí.

"Atta," ó wí, bó ti máa ń pe èmi ìyàwó àbúrò ìyá rẹ̀, "nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, ibà mú Amma gan-an. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin."

Mo gbé ife tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀.

"Mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé ibà ló ń ṣe é. Dókítà wà nínú yàrá, àwọn ará ilé ọkọ mi náà wà níbẹ̀, ojú wá ń tì mí. Mo fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, mo ní, Amma, ẹ dákẹ́, àwọn èèyàn ń gbọ́."

"Kí ló ṣe?"

"Ó wojú mi. Ó sì dákẹ́." Ó nu imú. "Kò tún sọ nǹkan kan títí ó fi lọ. Atta, ṣé ìyá mi máa ń kọrin tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo sọ fún un pé wàrà ń ru lórí iná. Mo wọ ilé ìdáná, mo dúró síbẹ̀ títí ó fi pè mí pé òun ń lọ.

Olóòtú ní kí n fi ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin. Bí ẹnìkan bá bi yín pé ṣé nǹkan dùn yín, tó sì dùn yín lóòótọ́, ẹ sọ pé ó dùn mí. N kò ní òmíràn.

Lalita sọ fún mi pé òun máa ń ka ìwé ìròyìn yìí, pé ojú ewé yìí lòun kọ́kọ́ máa ń ṣí. Lalita, èmi ni mo kọ lẹ́tà yẹn. Ìyá rẹ mọ̀, ó sì bò mí láṣìírí títí ó fi kú. Ó máa ń kọrin, ọmọ mi. Kì í ṣe ibà.